Díẹ̀díẹ̀ Nimú Ẹlẹ́dẹ̀ Ń Wọgbà: Òwe fún Ẹni Tó Ṣẹ̀ṣẹ̀ Ń Bẹ̀rẹ̀ Òwò

Bí ẹlẹ́dẹ̀ bá fẹ́ wọ ọgbà olóko, kì í já a lẹ́ẹ̀kan náà. Imú ni yóò kọ́kọ́ tì bọ àlàfo kékeré, yóò máa fi tú ilẹ̀ títí orí á fi wọlé, ara á sì tẹ̀ lé e. Ibẹ̀ ni àwọn àgbà ti mú òwe yìí jáde. A máa ń pa á fún ẹni tí ojú ń kán, pàápàá ẹni tó fẹ́ ṣòwò ṣùgbọ́n tó ń tijú pé òun kò tíì mọ nǹkan kan nínú rẹ̀.

Ìtìjú yìí ń yọ àwọn ọ̀dọ́ lẹ́nu ní ilẹ̀ Ìjẹ̀bú. Àwọn ará ìta ti gbà pé gbogbo Ìjẹ̀bú ló lówó. Lọ́jọ́ Ojúde Ọba, ọjọ́ kẹta Iléyá ní Ìjẹ̀bú-Òde, aṣọ iyebíye àti ẹṣin ni ojú ń rí. A kì í rí ọjọ́ tí àwọn tó wọ aṣọ náà kọ́kọ́ pàtẹ ọjà. Nítorí náà ni ọmọ tó jáde ilé-ìwé gíga ṣe lè jókòó sílé máa retí owó ńlá, nígbà tí ọjà Òkè-Ajé wà nítòsí. (Ẹ̀yin òbí náà, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má bi í pé ṣé gàrí ló kàwé wá tà.)

Ẹ jẹ́ ká wo Olóyè Timothy Adéọlá Odùtọ́lá, ọmọ Ìjẹ̀bú-Òde tí wọ́n bí ní ọdún 1902. Iṣẹ́ akọ̀wé ló bẹ̀rẹ̀ ní 1921, iṣẹ́ tó níyì gan-an láyé ìgbà náà. Ní 1932 ó fi í sílẹ̀, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í ta aṣọ dámáàsì àti ẹja. Ọ̀dá owó ti mú gbogbo ayé nígbà yẹn, iye kòkó sì ti wálẹ̀. Ẹ rò ó wò: akọ̀wé ẹni ọgbọ̀n ọdún tó wá di ọmọdé nínú ọjà! Kò sí ìwé ọ́fíìsì tó lè kọ́ni bí a ṣe ń dá ẹja tó dára mọ̀.

Nígbà tó yá, ó ní ṣọ́ọ̀bù ní Èkó, Ìbàdàn, Ifẹ̀ àti Iléṣà. Ó tún ṣòwò kòkó àti èkùrọ́, ó sì dá ilé-iṣẹ́ ìlagi sílẹ̀. Ní 1945 ó dá ilé-ìwé Olú-Ìwà sílẹ̀, èyí tó wá ń jẹ́ Adeola Odutola College. Ní 1967, lẹ́ni ọdún 65, ó dá ilé-iṣẹ́ táyà sílẹ̀. Òun náà ni ààrẹ àkọ́kọ́ fún Manufacturers Association of Nigeria ní 1971. Ohun tó wù mí jù nínú ìtàn yìí kì í ṣe owó rẹ̀. Ẹni tó mọ ẹja kò tíì mọ pákó, ẹni tó mọ pákó kò sì tíì mọ táyà. Ní gbogbo ìgbà ni bàbá yìí ń padà di ẹni tó ń béèrè. Abéèrè kì í ṣìnà.

Kí ló dé tí kékeré fi dára? Ẹ wo gàrí Ìjẹ̀bú. Wọ́n máa ń jẹ́ kí ẹ̀gẹ́ rẹ̀ kan dáadáa kí wọ́n tó yan án, ó sì gbọ́dọ̀ gbẹ. Èyí tí kò gbẹ yóò bu nínú àpò. Ẹni tó ra àpò kan, tó sì bu mọ́ ọn lọ́wọ́, ti pàdánù àpò kan, ṣùgbọ́n kò ní gbàgbé láé láti ki ọwọ́ bọ ìsàlẹ̀ àpò kó tó sanwó. Ẹni tó yá owó èlé fi ra ogójì àpò yóò kọ́ ẹ̀kọ́ kan náà, àmọ́ gbèsè ni yóò fi kọ́ ọ. Kò sí bí a ṣe mọ̀ ọ́n rìn tó kí orí má mì. Kí orí kúkú mì nígbà tí ẹrù kò tíì wúwo.

Ẹ̀yin olùkọ́, ẹ lè fi èyí ṣe iṣẹ́ àṣetiléwá. Kí akẹ́kọ̀ọ́ kọ̀ọ̀kan lọ bá oníṣòwò kan ládùúgbò rẹ̀, kó kí i dáadáa, kó sì bi í pé: "Ẹ jọ̀ọ́ mà, kí lẹ kọ́kọ́ tà, èló lẹ sì pàdánù kí ẹ tó mọ̀ ọ́n tà?" Kí wọ́n má ṣe lọ lásìkò tí ọjà bá ń tà o, wọn ò ní rí èsì gbà.