Eruku Ọyẹ́ Ìlú Kano àti Èémí Ọmọ Wa



Ní ọ̀sẹ̀ méjì sẹ́yìn, lẹ́yìn ìrun Jímọ́ọ̀, bàbá kan láti abúlé kan lẹ́bàá Okitipupa mú ọmọ rẹ̀ ọkùnrin wá bá mi. Ó ní, "Áfáà, mo fẹ́ kí ọmọ yìí lọ sí Kano láti lọ parí kéwú rẹ̀." Bí ọmọ náà ti kúnlẹ̀ níwájú mi ni mo ń gbọ́ tí àyà rẹ̀ ń súfèé. Ásímà ni dókítà pè é. Mo bèèrè pé oṣù wo ni yóò lọ, bàbá ní oṣù Dìsẹ́ńbà. Ìdí nìyí tí mo fi mú kálámù.

Èmi náà gbé Kano rí. Ní ọdún 1986 tí mo ṣe ọyẹ́ àkọ́kọ́ níbẹ̀, oòrùn ọ̀sán dàbí òṣùpá lójú mi, ènìyàn kò sì lè rí òpin àdúgbò. Lóru, àwa ọmọ kéwú a jókòó yí iná igi ká pẹ̀lú wàláà wa, èéfín a sì dàpọ̀ mọ́ eruku. Ọmọ Ìkálẹ̀ kan wà láàárín wa. Ní òru ọjọ́ kan, kò lè ka áyà kan parí nítorí àìlèmí. Wọ́n mú un wálé, ara rẹ̀ sì yá.

Àwọn kan máa ń sọ pé àwọn ará Kano kì í gbálẹ̀ ni. Irọ́ ni! Eruku náà kì í ṣe tiwọn nìkan. Ní àríwá-ìlà-oòrùn adágún Chad, pẹ̀tẹ́lẹ̀ kan wà tí à ń pè ní Bodélé. Omi ni ó bo ibẹ̀ ní ẹgbẹẹgbẹ̀rún ọdún sẹ́yìn. Nígbà tí omi gbẹ, ó ku ilẹ̀ funfun fífúyẹ́, tí ó jẹ́ èèpo ara àwọn ohun ẹlẹ́mìí wínníwínní inú omi. Òkè Tibesti, tí ṣóńṣó rẹ̀ ga ju 3,400 mítà lọ, wà ní apá kan. Òkè Ennedi wà ní apá kejì. Afẹ́fẹ́ tí ó bá gba àárín wọn kọjá a máa le sí i, gẹ́gẹ́ bí omi tí ń gba ojú ihò tóóró. Òun ni ó ń gbé ilẹ̀ náà dìde. Àwọn onímọ̀ ka Bodélé sí ibi tí eruku ti ń jáde jù lọ láyé, díẹ̀ nínú rẹ̀ sì ń kọjá òkun dé igbó Amazon ní Brazil. Kano tí ó wà lójú ọ̀nà, báwo ni yóò ṣe yọ?

Ohun mìíràn tún wà. Ní àkókò ọyẹ́, ilẹ̀ máa ń tutù kíákíá lóru. Afẹ́fẹ́ tútù a dúró nísàlẹ̀, èyí tí ó gbóná díẹ̀ a bò ó bí ọmọrí ìkòkò. Eruku, èéfín igi, èéfín alùpùpù àti ti jẹnẹrétọ̀ kò ní ibi tí wọn yóò gbà lọ títí oòrùn yóò fi mú. Àkókò àsùbáà gan-an nìyẹn, tí mọ́ṣáláṣí kún fún ikọ́. Òjò tí ìbá fọ ojú ọ̀run kì í sábà rọ̀ níbẹ̀ láti oṣù Kọkànlá títí di oṣù Kẹrin.

Ọyẹ́ máa ń dé Ìkálẹ̀ pẹ̀lú, ṣùgbọ́n èyí tí ó wúwo nínú eruku rẹ̀ ti bọ́ sílẹ̀ lọ́nà, afẹ́fẹ́ òkun sì ń tì í padà láìpẹ́. Èyí tí ó fúyẹ́ ni ó kù, òun náà sì ni ó ń wọ ẹ̀dọ̀fóró jù. (Àwa tí a ń sun oko lákòókò yẹn náà ń fi kún un.)

Ẹ má sì gbàgbé àrùn yírùnyírùn. Ní ọdún 1996, ó pa ju 11,000 ènìyàn lọ ní Nàìjíríà, pàápàá ní òkè Ọya. Àwọn dókítà gbà pé ọ̀gbẹlẹ̀ àti eruku máa ń ṣe imú àti ọ̀fun léṣe tí àrùn náà fi ń ráyè wọlé. Abẹ́rẹ́ rẹ̀ wà. Ìjọba Saudi kò gba alálàájì tí kò gbà á.

Mo sọ gbogbo èyí fún bàbá náà. Mo ní bí Kano bá di dandan, kí ọmọ lọ nígbà òjò, kí ó gba abẹ́rẹ́, kí oògùn tí ó ń fà símú má sì kúrò lápò rẹ̀. Bàbá dákẹ́ díẹ̀, ó ní òun yóò kọ́kọ́ padà lọ bá dókítà. Ọmọ náà ṣì ń wá ka Kùránì lọ́dọ̀ mi ní ìrọ̀lẹ́.