Fídíò gẹ́gẹ́ bí Ẹ̀rí nínú Kíkọ́ Ilé Tí Kì í Fi Agbára Iná Ṣòfò: Àpẹẹrẹ Ìtamaga

1.0 Ìfáàrà

Yorùbá bọ̀, wọ́n ní ilé tí a fi itọ́ mọ, ìrì ni yóò wó o. Ṣùgbọ́n bí bíríkìlà bá ti rẹ́ ilé tán, tí wọ́n sì kùn ún lọ́dà, ojú lásán kò lè mọ ohun tí wọ́n fi mọ ọ́n mọ́. Ní Ìtamaga ní Ìkòròdú, ilé búlọ́ọ̀kù onípáànù ni ó wọ́pọ̀. Bí irú ilé bẹ́ẹ̀ kò bá ní àjà tí ó dára àti ọ̀nà tí afẹ́fẹ́ ń gbà, ooru ọ̀sán a há mọ́ inú rẹ̀. Ẹni tí ń gbé ibẹ̀ ni yóò sì san owó iná àti owó epo jẹnẹrétọ̀. Àpilẹ̀kọ yìí yẹ ìwúlò fídíò wò nínú ọ̀ràn yìí, àti ibi tí ìwúlò náà pin sí.

2.0 Ohun tí Fídíò Lè Fi Hàn

Dídára bíríkì alámọ̀ tí wọ́n fi ẹ̀rọ tẹ̀ dúró lórí ohun tí kì í hàn lára rẹ̀ mọ́ lẹ́yìn iṣẹ́: irú erùpẹ̀ tí wọ́n lò, ìwọ̀n sìmẹ́ńtì àti omi, àti iye ọjọ́ tí wọ́n fi bò ó kí ó má baà yára gbẹ. Fídíò tí ó bẹ̀rẹ̀ láti ibi ìwalẹ̀, tí ó sì fi ìwọ̀n gbogbo hàn láìgé e kúrò, ni ẹlòmíràn lè tẹ̀ lé. Ó tún lè fi ìrìn afẹ́fẹ́ hàn: bí wọ́n bá jó tùràrí létí fèrèsé, èéfín rẹ̀ yóò tọ́ka ibi tí afẹ́fẹ́ ń gbà wọlé àti ibi tí ó ń gbà jáde.

3.0 Ibi tí Ó Pin Sí

Fídíò lásán kì í wọn ooru. Kámẹ́rà tí ń fi àwọ̀ ṣàfihàn ooru pàápàá lè tan ni: páànù tuntun tí ń dán lè dà bí ohun tútù lójú rẹ̀, nígbà tí kò ṣeé fọwọ́ kàn. Nítorí náà, ó yẹ kí tẹmómítà kan wà nínú ilé, kí òmíràn wà níta lábẹ́ ìbòòji, kí kámẹ́rà sì máa ya ojú méjèèjì pẹ̀lú aago, tọ̀sán-tòru, nígbà ẹ̀ẹ̀rùn àti nígbà òjò.

Ilé-ìwé tí Francis Kéré kọ́ sí Gando, ní Burkina Faso, ní 2001, fi ìdí èyí hàn. Bíríkì alámọ̀ ni ògiri rẹ̀. Wọ́n sì gbé òrùlé páànù sókè kúrò lórí àjà kí afẹ́fẹ́ lè kó ooru lọ. Ṣùgbọ́n ilẹ̀ ọ̀dàn gbígbẹ ni Gando. Ìtamaga kò jìnnà sí ọ̀sà. Ọ̀rinrin pọ̀ níbẹ̀, òru rẹ̀ kì í sì í fi bẹ́ẹ̀ tutù ju ọ̀sán lọ tí ògiri tí ó nípọn yóò fi rí àyè tú ooru dànù. Ìbòòji àti afẹ́fẹ́ ni ó ṣe pàtàkì jù níbẹ̀. Àwòrán Gando kò lè jẹ́rìí fún Ìtamaga.

4.0 Ìgúnlẹ̀

Ní 2017, ìjọba àpapọ̀ Nàìjíríà gbé ìlànà jáde lórí bí ilé kò ṣe ní máa fi agbára iná ṣòfò. Ìlànà kò lè dáàbò bo ẹni tí ń ra ilé bí kò bá sí ẹ̀rí. Fídíò yóò sọ bí wọ́n ṣe kọ́ ilé. Tẹmómítà yóò sọ bóyá iṣẹ́ náà jẹ́. Ibi tí méjèèjì bá ti wà pọ̀ nìkan ni ẹ̀rí ti pé.