Módẹ́ẹ̀mù Olóhùn àti Ọ̀rọ̀ Wáyà ní Ilẹ̀ Ìgbómìnà

Ní àwọn ọdún 1990, àwọn ilé-iṣẹ́ bíi U.S. Robotics ní Amẹ́ríkà ṣe ẹ̀rọ tí ó pa iṣẹ́ mẹ́ta pọ̀: ó ń gba ìpè tẹlifóònù sílẹ̀ bí onílé kò bá sí, ó ń fi lẹ́tà orí kọ̀ǹpútà ránṣẹ́, ó sì ń so kọ̀ǹpútà mọ́ òmíràn. Wáyà tẹlifóònù kò mọ ohun tí ó ju ohùn lọ, èyí tí ó ń gbọ̀n láti nǹkan bí ìgbà 300 dé 3,400 ní ìṣẹ́jú-àáyá kan. Nítorí náà, módẹ́ẹ̀mù a sọ òǹkà kọ̀ǹpútà di ohùn. Ẹnìkejì rẹ̀ a sì sọ ọ́ padà di òǹkà. (Ariwo híhan tí ó ń kọ́kọ́ pa kì í ṣe àìsàn, àwọn méjèèjì ni wọ́n ń kí ara wọn.)

Ìpè tí a gbà sílẹ̀ jọ àrokò: ó ń dúró de ẹni tí a rán an sí. Ṣùgbọ́n ẹsẹ̀ ènìyàn ni àrokò fi ń rìn. Ẹ̀rọ yìí kò lè ṣe é láìsí wáyà. Okùn tẹlifóònù Nàìjíríà kò tó mílíọ̀nù kan nígbà tí GSM dé ní oṣù kẹjọ ọdún 2001. Ọ̀pọ̀ ilé ní Òmù-Àrán àti Èsìẹ́ kò ní wáyà rí. Orí fóònù alágbèéká ni wọ́n ti bá iṣẹ́ mẹ́tẹ̀ẹ̀ta pàdé. Olùkọ́ tí ó bá ń ṣàpèjúwe módẹ́ẹ̀mù fún ọmọ ibẹ̀ bí àpótí oníwáyà nìkan ń sọ ìtàn ilé ẹlòmíràn fún un. Inú fóònù náà gan-an ni módẹ́ẹ̀mù wà, ìgbì rédíò ni ó ń lò dípò wáyà.