"Topple": Ọ̀rọ̀ Gẹ̀ẹ́sì Kan àti Ìtumọ̀ Rẹ̀ Nínú Èdè Wa

Nígbà tí àwọn ọmọ wa ní Ìpọ̀nrí bá ń kọ àròkọ Gẹ̀ẹ́sì, "fall" ni púpọ̀ nínú wọn máa ń lò fún ohunkóhun tó bá lọ sílẹ̀, ìbáà ṣe ọmọdé, ilé tàbí ìjọba. A fẹ́ yẹ ọ̀rọ̀ mìíràn wò pẹ̀lú ẹ̀yin akẹ́kọ̀ọ́ àtijọ́ àti ẹ̀yin òbí: "topple".

Láti inú "top", èyí tí í ṣe òkè tàbí orí nǹkan, ni a ti fa ọ̀rọ̀ náà yọ. Ohun tó bá "topple", òkè rẹ̀ ni ó kọ́kọ́ fì kí ó tó lulẹ̀. Ẹ wo agolo wàrà tí oníṣòwò tò lé ara wọn lórí ní ọjà. Bí àwọn ti òkè bá fì sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, gbogbo rẹ̀ yóò dà lulẹ̀. "Topple" nìyẹn. Ṣùgbọ́n èso tó já lórí igi kò "topple". Ó jábọ́ ni.

Bí a bá fẹ́ túmọ̀ rẹ̀, ìbéèrè àkọ́kọ́ ni pé: kí ni ó lọ sílẹ̀? Ènìyàn a máa ṣubú. Ilé, ògiri àti igi a máa wó. Nínú Bíbélì Yorùbá, odi Jẹ́ríkò wó, ṣùgbọ́n Gòláyátì ṣubú.

Ìbéèrè kejì ni pé: ta ni ó fà á? "Topple" wà fún ohun tó wó àti fún ẹni tó wó o. "Wó" tiwa náà gba méjèèjì: ilé wó, wọ́n wó ilé. "Ṣubú" kò gbà bẹ́ẹ̀. A kì í wí pé wọ́n "ṣubú ọmọ". Wọ́n tì í ṣubú ni. Ní ti ìjọba, wọ́n a máa dojú rẹ̀ bolẹ̀, gẹ́gẹ́ bí àwọn ológun ti ṣe sí ìjọba Ọ̀gágun Gowon ní ọjọ́ 29 oṣù Keje, ọdún 1975.

Ẹ̀yin òbí, Gẹ̀ẹ́sì tó yè kooro kò ní kí a pa Yorùbá tì nínú ilé. Ọmọ tó ti mọ ìyàtọ̀ tó wà láàárín "wó" àti "ṣubú" ti mọ̀ pé ọ̀rọ̀ kan kò lè tó fún gbogbo rẹ̀, yóò sì tètè mọ ibi tí "topple" yẹ.

Ẹ̀kọ́ mìíràn tún wà nínú ìyàtọ̀ náà. Ilé tó wó kò lè tún ara rẹ̀ kọ́. Nítorí náà, bí ọmọ bá fìdí rẹmi nínú ìdánwò, ẹ má ṣe wí pé ayé rẹ̀ ti wó. Ó ṣubú ni, ẹni tó ṣubú sì lè dìde.