Bí Àṣírí Ẹ̀ṣẹ́ Ìbátan Ẹdẹ Ṣe Tú

Ẹni tó bá dúró níwájú àtẹ àwọn ìyá alẹ́dẹ ní Ọjà'ba n'Ìbàdàn, ẹdẹ gbígbẹ wẹ́wẹ́ ló máa rí. Àmọ́ ẹdẹ ní ìbátan kan nínú òkun tó jẹ́ akin ọdẹ. Mantis shrimp ni òyìnbó ń pè é. Irú rẹ̀ kan, Squilla mantis, wà nínú òkun Àtìláńtíìkì, ó gba etí Áfíríkà tiwa títí dé Àǹgólà.

Ọ̀nà méjì ni wọ́n ń gbà dọdẹ. Àwọn kan ní ẹ̀gún lọ́wọ́ bí ọ̀kọ̀: wọ́n á lúgọ sínú ihò ẹrẹ̀, ẹja tó bá kọjá ni wọ́n á gún. Báyìí ni Squilla ṣe ń ṣe. Àwọn yòókù ní kùmọ̀, òun ni wọ́n fi ń fọ́ ìkarahun ìgbín òkun àti akàn.

Kùmọ̀ yìí ni onímọ̀ sáyẹ́ǹsì kan, Sheila Patek, fẹ́ mọ ìdí rẹ̀ ní Yunifásítì Kalifóníà ní Berkeley. Kámẹ́rà tí òun àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ kọ́kọ́ lò kò lè bá eré kùmọ̀ náà. Ohun tó yà kò ju bàìbàì lọ. Ìgbà tí wọ́n rí èyí tó ń ya ẹgbẹẹgbẹ̀rún àwòrán ní ìṣẹ́jú àáyá kan ni ọ̀rọ̀ tó yé wọn. Lọ́dún 2004, wọ́n gbé àbọ̀ ìwádìí wọn jáde nínú ìwé Nature: eré ẹ̀ṣẹ́ náà ń dé mítà 23 ní ìṣẹ́jú àáyá kan, bí mọ́tò tó ń sá ju kìlómítà 80 lọ ní wákàtí kan, nínú omi!

Iṣan nìkan kò lè yára tó bẹ́ẹ̀. Pàkúté ni ká fi wé e. Ẹni tó ń dẹ pàkúté eku á rọra fa irin rẹ̀, á fi ìkọ́ há a. Agbára ti wọnú irin, ó ń dúró. Bẹ́ẹ̀ gẹ́lẹ́ ni iṣan apá ẹ̀dá yìí ṣe ń tẹ èèpo líle kan tó rí bíi gàárì ẹṣin, tí ìkọ́ á sì há a mọ́. Bí ìkọ́ bá tú, gàárì á nà padà, kùmọ̀ á sọ. Eré náà le débi pé omi ń yọ ìfófòó níbi tí kùmọ̀ ti bá ìkarahun. Bí ìfófòó yẹn bá ti bẹ́, ó tún di ẹ̀ṣẹ́ kejì.

Àgbò tó fẹ̀yìn rìn, agbára ló lọ mú wá. Ẹ̀yin òbí ní Bẹẹrẹ àti Màpó, ìgbà mìíràn tí ẹ bá ń dẹ pàkúté, ẹ pe ọmọ yín wá wò ó. Ẹ̀kọ́ sáyẹ́ǹsì ńlá lẹ mú lọ́wọ́ yẹn.