Onígbọ̀wọ́: Ẹni Tó Ń Fọwọ́ Síwèé Kí Ìyàwó Tó Wọ Amẹ́ríkà

Ní Poe Park, níbi tí Grand Concourse ti pàdé Kingsbridge Road ní Fordham, ní Bronx, New York, ilé pákó funfun kékeré kan wà tí ọ̀pọ̀ ọmọ Yorùbá tó ń sáré lọ wọ ọkọ̀ ojú irin kì í yà wò. Edgar Allan Poe, òǹkọ̀wé tí òkìkí rẹ̀ kàn kárí ayé, ló kó wọ ilé náà ní 1846. Ikọ́ ẹ̀gbẹ ń bá Virginia ìyàwó rẹ̀ jà, ni ọkọ bá gbé e kúrò láàárín ìgboro wá sí Fordham, tó ṣì jẹ́ abúlé nígbà náà, kó lè máa mí atẹ́gùn tó mọ́. Atẹ́gùn wà, owó ni kò sí. Nígbà tí òtútù dé, ẹ̀wù àwọ̀lékè ọkọ ni aláìsàn náà ń fi bora. Ìwé ìròyìn gbé e jáde ní New York pé ìyà ń jẹ tọkọtaya náà. Obìnrin kan tó ń jẹ́ Marie Louise Shew ló ṣagbe owó kiri lọ́wọ́ àwọn èèyàn, tó sì gbé 60 dọ́là lọ fún wọn. Virginia kú ní oṣù Kìíní 1847.

Bí Shew bá wà láyé lónìí, tó fẹ́ ran ọkọ kan lọ́wọ́ ní Fordham, tí ìyàwó onítọ̀hún ṣì wà ní Ìbàdàn tàbí Òṣogbo, 60 dọ́là kò ní yanjú ọ̀rọ̀. Fọ́ọ̀mù ni wọ́n máa gbé síwájú rẹ̀. I-864 ni orúkọ rẹ̀. Bó bá ti fọwọ́ sí i, tí ìyàwó sì ti wọ̀lú, oore ti di gbèsè.

Spọ́ńsọ̀ ni àwọn èèyàn ń pe ẹni tó ń fọwọ́ sí i. Orúkọ tí Yorùbá ní fún un ti pẹ́: onígbọ̀wọ́, ẹni tó dúró níwájú olówó tó ní bí lágbájá kò bá san, òun ni kí wọ́n mú. Láyé àtijọ́, olówó tí gbèsè rẹ̀ kò wọlé a máa rán ológò lọ jókòó ti ajigbèsè lẹ́nu ọ̀nà. Ológò á máa pariwo, á máa mú adìyẹ ilé pa jẹ, títí ara ilé yóò fi wá owó náà jáde. Amẹ́ríkà kò ní ológò, ṣùgbọ́n òfin rẹ̀ mọ ẹnu ọ̀nà onígbọ̀wọ́ dáadáa.

Ìbẹ̀rù pé àlejò lè di ẹrù sí ìlú lọ́rùn kì í ṣe tuntun ní New York. Òfin ìwọ̀lú ti 1882 pàṣẹ pé kí wọ́n má ṣe jẹ́ kí ẹni tí kò lè bọ́ ara rẹ̀ sọ̀ kalẹ̀ nínú ọkọ̀ ojú omi. Nígbà tí Ellis Island di ibodè ní 1892, ibẹ̀ ni àyẹ̀wò yìí fìdí kalẹ̀ sí. Ní 1909, William Williams tó jẹ́ ọ̀gá ibẹ̀ kéde pé kí àlejò mú 25 dọ́là dání, yàtọ̀ sí tíkẹ́ẹ̀tì ibi tó ń lọ. Obìnrin tó dá wá bá ọkọ kì í dá jáde: wọ́n á dá a dúró títí ọkọ tàbí ìbátan yóò fi wá mú un, tàbí títí lẹ́tà tàbí owó ọkọ̀ yóò fi dé láti ọ̀dọ̀ wọn.

Lẹ́yìn ìyẹn ni ìwé ìgbọ̀wọ́ wọlé dé. Ẹni tó wà nílẹ̀ á búra lórí pépà pé òun á bọ́ ẹni tó ń bọ̀. Àmọ́ ìbúra náà kò léyín. Ní àwọn ọdún 1950, àjọ ìpínlẹ̀ New York tó ń tọ́jú àwọn aláìsàn ọpọlọ gbé onígbọ̀wọ́ kan lọ sílé ẹjọ́ pé kó wá san owó ìtọ́jú ẹni tó dúró fún. Àjọ náà pàdánù: ilé ẹjọ́ ní ọ̀rọ̀ ẹ̀rí ọkàn ni ìwé náà, kì í ṣe àdéhùn tí òfin lè fi múni. Ilé ẹjọ́ ní Michigan àti California náà dá irú ẹjọ́ bẹ́ẹ̀ lọ́nà kan náà.

Ó di ọjọ́ 30 oṣù Kẹsàn-án 1996 kí Ààrẹ Bill Clinton tó fọwọ́ sí òfin tó fi eyín sí i lẹ́nu. Láti ọjọ́ 19 oṣù Kejìlá 1997 ni I-864 ti di àdéhùn tó múlẹ̀ láàárín onígbọ̀wọ́ àti ìjọba. Ẹni tí wọ́n tìtorí rẹ̀ fọwọ́ sí i gan-an sì lè fi í pe onígbọ̀wọ́ lẹ́jọ́.

Ìṣirò rẹ̀ kò le. Lọ́dọọdún, ilé iṣẹ́ ìjọba àpapọ̀ tó ń rí sí ètò ìlera máa ń kéde iye owó tí ìdílé tí kò bá pa tó o jẹ́ tálákà. Onígbọ̀wọ́ gbọ́dọ̀ máa pa iye yẹn, kó tún fi ìdá kan nínú mẹ́rin rẹ̀ lé e. Sójà tó wà lẹ́nu iṣẹ́, tó ń mú ìyàwó tàbí ọmọ wá, nìkan ni kò ní láti fi nǹkan lé e. Nínú ìlànà ọdún 2025, ìdílé ẹni méjì nílò 26,437 dọ́là lọ́dún, ẹni mẹ́ta 33,312, ẹni mẹ́rin 40,187.

Ibi tí ọ̀pọ̀ ti ń ṣìrò ni kíka orí. Onígbọ̀wọ́ á ka ara rẹ̀, á ka ẹni tó ń bọ̀, á ka gbogbo ọmọ rẹ̀ tí kò tíì pé ọdún 21 tí kò sì tíì ṣègbéyàwó, ì báà jẹ́ ọ̀dọ̀ ìyá wọn ni wọ́n ń gbé. Ẹni tó kọ orúkọ rẹ̀ sínú ìwé owó orí pé òun ló ń bọ́ ọ wà níbẹ̀. Ẹni tó ti fọwọ́ síwèé fún rí, tí àdéhùn rẹ̀ kò tíì parí, wà níbẹ̀ pẹ̀lú.

Ẹ jẹ́ ká fi obìnrin kan tó ń ṣiṣẹ́ ní ilé ìtajà ní Fordham ṣe àpẹẹrẹ, tó fẹ́ mú ọkọ rẹ̀ wá. Owó iṣẹ́ tó kéré jù lọ tí òfin gbà ní ìlú New York ní 2025 ni 16.50 dọ́là fún wákàtí kan. Bó bá ń ṣe wákàtí 40 lọ́sẹ̀, tí kò pa ọ̀sẹ̀ kan jẹ, 34,320 ló máa pa lọ́dún. Ó tó fún òun àti ọkọ, ó sì tó bí wọ́n bá ní ọmọ kan. Bí ọmọ bá di méjì, owó ti já: ó ku 5,867 dọ́là. Òfin gbà á láyè kó fi ohun ìní dí i, ṣùgbọ́n bó bá jẹ́ ọmọ orílẹ̀-èdè Amẹ́ríkà, ìlọ́po mẹ́ta ohun tó kù ni wọ́n máa bèèrè, ìyẹn 17,601. Bó bá jẹ́ grínkáàdì ló ní, ìlọ́po márùn-ún ni. Owó tó wà ní báńkì jẹ́ ohun ìní. Ilé tàbí ilẹ̀ ní Nàìjíríà lè wọ̀ ọ́ bí ìwé rẹ̀ bá pé, tó sì ṣe é sọ dowó láàárín ọdún kan. Ọkọ̀ ayọ́kẹ́lẹ́ kò wọ̀ ọ́, àfi ti ẹni tó bá ní ju ẹyọ kan lọ.

Ìwé owó orí ló ń tú àṣírí. Ọ̀rọ̀ ẹni tó ń gba W-2, ìwé tó ń fi owó iṣẹ́ ọdún hàn, lọ́wọ́ ọ̀gá iṣẹ́ rọrùn. Ti awakọ̀ tó ń gbé èrò kiri Bronx kò rí bẹ́ẹ̀, nítorí kì í ṣe gbogbo owó tó wọlé fún un ni wọ́n ń wò. Èrè tó kù lẹ́yìn tó ti yọ owó epo, owó ìbánigbófò àti àtúnṣe ọkọ̀ ni. Awakọ̀ tó gba 60,000 dọ́là lọ́dún, tó sì yọ ìnáwó títí èrè fi ku 17,000 kí owó orí rẹ̀ lè fúyẹ́, 17,000 yẹn ni òṣìṣẹ́ físà máa rí. Ọgbọ́n tó dá ní oṣù Kẹrin ló ń ká a mọ́ lọ́jọ́ físà. Ẹni tó ń gba owó lọ́wọ́-lọ́wọ́ láìkọ ọ́ síbì kan tún burú jù, nítorí kò ní ẹ̀rí kankan. Owó oúnjẹ tí ìjọba ń fún aláìní kì í wọ ìṣirò náà, bó tilẹ̀ jẹ́ pé gbígbà á kò ní kéèyàn má fọwọ́ síwèé.

Bí owó ọkọ bá kùnà, ibẹ̀ ni onígbọ̀wọ́ kejì ti ń wọlé. Kì í ṣe gbogbo ìlú ló gba irú rẹ̀. Ní Britain, 29,000 pọ́n-ùn lọ́dún ni wọ́n ń bèèrè láti ọjọ́ 11 oṣù Kẹrin 2024, èyí tó jẹ́ 18,600 láti 2012. Bí owó tọkọtaya kò bá tó o níbẹ̀, owó ẹ̀gbọ́n tàbí ti ọ̀rẹ́ kò lè dí i, àfi tí ọ̀ràn bá ṣàrà ọ̀tọ̀. Amẹ́ríkà ṣílẹ̀kùn sílẹ̀ fún ẹlòmíràn. Kò pọn dandan kó jẹ́ ẹbí. Kó ti pé ọdún 18, kó jẹ́ ọmọ orílẹ̀-èdè náà tàbí kó ní grínkáàdì, kó máa gbé níbẹ̀, kí owó tiẹ̀ nìkan sì tó fún ìdílé rẹ̀ àti ẹni tó ń bọ̀. Wọn kì í da owó rẹ̀ pọ̀ mọ́ ti ọkọ. Ọkọ náà ṣì gbọ́dọ̀ fọwọ́ sí I-864 tirẹ̀, bí kò tilẹ̀ ní kọ́bọ̀, àwọn méjèèjì ló sì jọ wà nínú gbèsè náà.

Ìdí rèé tí ọ̀rọ̀ yìí fi ń kúrò nínú yàrá tọkọtaya, tó ń dé ẹ̀yìn ìsìn Sunday àti ìpàdé ẹgbẹ́ ìlú. Nọ́ọ̀sì tó ti pẹ́ lẹ́nu iṣẹ́ tàbí òṣìṣẹ́ ìjọba tó ti ra ilé ni wọ́n máa ń lọ bá. "Ẹ̀gbọ́n, pépà lásán ni, ẹ kàn bá mi sáìn-ìn ni," ni àbúrò máa ń sọ. Kì í ṣe ìbùwọ́lù nìkan ló ń tọrọ. Ẹ̀gbọ́n ní láti kó ìwé owó orí àti ẹ̀rí pé òun ń gbé Amẹ́ríkà lábẹ́ òfin sílẹ̀, bẹ́ẹ̀ ni àbúrò ṣe máa mọ iye tí ẹ̀gbọ́n ń gbà lóṣù. Ọ̀pọ̀ àgbà ló tìtorí èyí nìkan kọ̀. Ẹni tó bá sì ń ta ìbùwọ́lù rẹ̀ fún àjèjì, tó ń purọ́ sínú fọ́ọ̀mù náà, ń fi ara rẹ̀ wéwu ẹ̀wọ̀n, nítorí abẹ́ ìbúra ni wọ́n ti ń fọwọ́ sí i.

Ìgbà wo ni àdéhùn náà ń parí? Bí ẹni tó wọ̀lú bá di ọmọ orílẹ̀-èdè Amẹ́ríkà. Bó bá ti ní oṣù mẹ́ta-mẹ́ta lọ́nà 40 lẹ́nu iṣẹ́ nínú ìwé Social Security, tó jẹ́ nǹkan bí ọdún mẹ́wàá. Bó bá kúrò ní Amẹ́ríkà pátápátá, tí kò sì ní grínkáàdì mọ́. Bí ọ̀kan nínú wọn bá kú.

Ìkọ̀sílẹ̀ kò sí nínú rẹ̀.

Ní 2012, ilé ẹjọ́ kòtẹ́milọ́rùn ìjọba àpapọ̀ tó wà ní Chicago gbọ́ ẹjọ́ obìnrin ará Ṣáínà kan tí ọkọ rẹ̀ ará Amẹ́ríkà ti kọ̀ sílẹ̀. Ọkọ ní kí obìnrin náà fi hàn pé òun ń wá iṣẹ́ kí òun tó fún un lówó. Adájọ́ Richard Posner dáhùn pé kò sí irú àṣẹ bẹ́ẹ̀ nínú òfin náà. Onígbọ̀wọ́ ló gbọ́dọ̀ san. Ní 2016, ilé ẹjọ́ kòtẹ́milọ́rùn tó wà ní San Francisco dá ẹjọ́ obìnrin ará Túrkì kan tó kó lọ bá ọmọ rẹ̀ ọkùnrin gbé lẹ́yìn ìkọ̀sílẹ̀. Ọkọ àtijọ́ ní owó ọmọ náà ti tó obìnrin ọ̀hún bọ́. Ilé ẹjọ́ ní owó ọmọ kò sí nínú ìṣirò. Nínú ìlànà 2025, iye tó tó ẹni kan ṣoṣo jẹ́ 19,562 dọ́là lọ́dún; ohun tí ẹni náà bá fúnra rẹ̀ pa ni wọ́n máa yọ níbẹ̀, onígbọ̀wọ́ á sì pèsè ìyókù.

Ìjọba náà ní ẹ̀tọ́ láti gba owó ìrànwọ́ tó ná lórí ẹni tó wọ̀lú padà. Ọ̀pọ̀ ọdún ló fi jẹ́ pé ẹ̀tọ́ náà kàn wà nínú ìwé. Ní ọjọ́ 23 oṣù Karùn-ún 2019, Ààrẹ Donald Trump kọ̀wé pàṣẹ fún àwọn ilé iṣẹ́ ìjọba pé kí wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í gba owó náà. Ààrẹ Joe Biden fagi lé àṣẹ yẹn ní oṣù Kejì 2021, ṣùgbọ́n òfin 1996 kò yí padà.

Fún ìyàwó tó wà ní Nàìjíríà, ibùdó físà ní Portsmouth, ìpínlẹ̀ New Hampshire, ló máa kọ́kọ́ yẹ ìwé onígbọ̀wọ́ wò, 120 dọ́là sì ni owó àyẹ̀wò náà. Lẹ́yìn rẹ̀ ni ìfọ̀rọ̀wánilẹ́nuwò ní Walter Carrington Crescent, ní Victoria Island, l'Ékòó. Ẹni tí ìyàwó rẹ̀ ti wà ní New York, tí òfin sì gbà pé kó tibẹ̀ gba grínkáàdì, fọ́ọ̀mù kan náà ló máa lò. Ní ọjọ́ 16 oṣù Kejìlá 2025, Trump fi Nàìjíríà kún àwọn orílẹ̀-èdè tí wọ́n dín físà wọn kù, físà ìgbélé sì wà lára rẹ̀. Nítorí náà, kí ẹnikẹ́ni tó san owó kankan, kó kọ́kọ́ bi lọ́yà tàbí aṣojú tí ilé iṣẹ́ ìdájọ́ Amẹ́ríkà fọwọ́ sí léèrè bí ọ̀nà ṣe rí lásìkò náà. Ẹni tó ń bá èèyàn ṣe ìwé owó orí kì í ṣe lọ́yà.

Ojúṣe kan tún wà tí ọ̀pọ̀ onígbọ̀wọ́ kò mọ̀ pé àwọn ti gbà. Bí onígbọ̀wọ́ bá kó kúrò ní Fordham lọ sí Yonkers, tàbí láti ilé kan sí ìkejì lójú pópó kan náà, ó ní láti fi Fọ́ọ̀mù I-865 sọ àdírẹ́sì tuntun fún USCIS, àjọ tó ń rí sí ìwọ̀lú, láàárín 30 ọjọ́. Ọ̀fẹ́ ni. Owó ìtanràn ẹni tí kò bá ṣe é jẹ́ láti 250 dọ́là dé 2,000, ó sì lè dé 5,000 bó bá mọ̀ pé ẹni tí òun dúró fún ti gba owó ìrànwọ́ ìjọba.