"Bàbá, Ṣé Ifá Kò Ní Èèwọ̀ Oúnjẹ fún Mi?"



Ní oṣù tó kọjá, obìnrin kan mú ọmọbìnrin rẹ̀, ọmọ ọdún 17, wá bá mi ní Ìkéré láti Emùré. Ọmọ náà ti rù kan egungun, òòyì ń kọ́ ọ, kò sì rí nǹkan oṣù rẹ̀ mọ́. Ìyá ní ọwọ́ ayé ni.

Nígbà tí ìyá bọ́ síta, ọmọ jẹ́wọ́. Àwọn tí òun ń wò lórí fóònù kò ní ikùn. Òun kì í jẹun àárọ̀. Bí ìyá bá fi dandan lé e kí òun jẹ iyán lálẹ́, òun a lọ sẹ́yìn ilé, òun a ki ìka bọ ọ̀fun, òun a bì í. Ó wá béèrè pé: "Bàbá, ẹ jọ̀ọ́, ṣé Ifá kò ní èèwọ̀ oúnjẹ fún mi?"

Ó ń wá èèwọ̀ tí yóò fi bo àìsàn mọ́lẹ̀. Àìsàn sì ni lóòótọ́. Àwọn dókítà ń pe ìfebi-para-ẹni yìí ní anorexia. Ti ẹni tó ń jẹ àjẹjù tí ó sì ń bì í ni bulimia. Méjèèjì lè ba ọkàn-àyà jẹ́, wọ́n sì lè pa ènìyàn.

Mo sọ ìtàn inú Ogbègúndá fún un. Oríṣẹ̀ẹ́kú ọmọ Ògún, Orílèémèrè ọmọ Ìja àti Afùwàpẹ́ ọmọ Ọ̀rúnmìlà lọ yan orí nílé Àjàlá. Àwọn méjì àkọ́kọ́ mú èyí tó tóbi, tó dán lójú, wọn kò mọ̀ pé iná kò jó o dáadáa. Òjò pa wọ́n lọ́nà ayé, orí náà sì ń ṣí dànù. Afùwàpẹ́ tó rúbọ, tó gba ìmọ̀ràn, ni tirẹ̀ dé ayé láìyingin.

Ọlọ́wẹ̀ ará Ìsẹ̀, agbẹ́gilére Arínjalẹ̀ tó kú ní 1938, mọ èyí. Láàárín 1910 sí 1914 ó gbẹ́ òpó fún ààfin Ògògà níbí. Ọ̀kan wà ní ilé ìṣẹ̀ǹbáyé ní Chicago báyìí. Ọba jókòó, olorì dúró lẹ́yìn rẹ̀, ó ga ju ọba lọ. Agbára àti ipò olorì ni Ọlọ́wẹ̀ fi gíga rẹ̀ hàn. Ta ni yóò wọn ìbàdí rẹ̀?

Àwọn ọmọ mìíràn sì ń wá ìdí ńlá. Wọ́n ń mu Apetamin, wọ́n ń gbé dexamethasone mì láìsí àṣẹ dókítà. Èyí àkọ́kọ́ ń kun ènìyàn lóorun, ó sì lè ṣe ẹ̀dọ̀ léṣe. Èkejì lè gbé ẹ̀jẹ̀ ríru àti ìtọ̀ ṣúgà wá.

Ẹ̀yin awo ẹlẹgbẹ́ mi, mo bẹ̀ yín: bí ọmọ bá ń sá fún oúnjẹ, ẹ má ṣe fi èèwọ̀ oúnjẹ kún un. Ẹ kọ́kọ́ béèrè ohun tó jẹ lánàá. Ẹ̀yin òbí, ẹ yé pe ọmọ ní ọ̀rọ̀bọ̀ tàbí egungun. Ọbàtálá tó mọ wá ló mọ abuké àti àfín. Ẹ má sì ki oúnjẹ bọ ẹni tí ebi ti pa pẹ́ lẹ́nu. Bí ó bá pọ̀ lójijì, ó lè ṣekú pa á. Dókítà ló mọ ìwọ̀n.

Mo dá Ifá fún wọn, ṣùgbọ́n ilé ìwòsàn ni wọ́n gbà lọ láti ọ̀dọ̀ mi. Mo ní a ó bọ orí ọmọ náà nígbà tí dókítà bá ní ó yá. Ìyá pè mí lánàá: ọmọ mu ẹ̀kọ láàárọ̀, kò bì í. Ara rẹ̀ kò tíì yá tán. Mo ti ra obì sílẹ̀ dè é.

Kí orí má ṣe gbàbọ̀dè fún wa o. Àṣẹ.